Bí epo ṣe ń dénú ẹ́ńjìnnì oní-nọ́sù, àtohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra pááàtì

Láàárọ̀ kùtù, kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ ariwo, ẹ jókòó sínú mọ́tò yín, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, ẹ má tíì sítáàtì ẹ̀, ẹ kàn tẹ́tí sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ẹ máa gbọ́ nǹkan tó ń kùn lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì, á sì dákẹ́. Pọ́ǹpù epo nìyẹn, ó ń ti epo síwájú de ẹ́ńjìnnì. Àwọn Toyota àtijọ́ kan wà tí tiwọn kì í kùn àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí yí, torí náà tẹ́ ò bá gbọ́ nǹkan kan ẹ má tíì pariwo pé pọ́ǹpù ti kú o.

Riwáyà ni mí, iná mọ́tò ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, àtìgbà tí owó epo ti fò sókè lóṣù karùn-ún ọdún 2023 yẹn ni ìbéèrè kan náà ti ń tẹ̀ lé mi kiri, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí mọ́tò mi ń mu epo báyìí?" Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, àwọn míì á ti ra nọ́sù, ìyẹn ẹnu kékeré tó ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ti ra pọ́ǹpù, wọ́n á ti ra bíréènì tokunbo pàápàá, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, mọ́tò ò sì yíwà padà. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn, torí owó iléèwé ọmọ làwọn kan fi ra pááàtì tí mọ́tò wọn ò bèèrè. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Ohun kan ni kẹ́ ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ: afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì oní-nọ́sù ń wọ̀n, epo kàn ń tẹ̀ lé afẹ́fẹ́ ni. Ẹni tó bá mọ èyí, ìdajì iṣẹ́ ti tán.

Láyé kábúrétọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gun Peugeot 504 láyé ìgbà tí wọ́n ń tò ó ní Kàdúná, ẹ ò ní gbàgbé kábúrétọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á fa afẹ́fẹ́ gba ọ̀fun tóóró kan, bí afẹ́fẹ́ yẹn ṣe ń sáré kọjá lá máa fa epo jáde látinú ihò kékeré tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, àfi bíi pọ́ǹpù oògùn ẹ̀fọn ayé àtijọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ tì. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ihò lásán ni jẹ́ẹ̀tì, ibo ló ti máa mọ̀ bóyá òtútù ṣì wà lára ẹ́ńjìnnì àbí ó ti gbóná, bóyá òkè lẹ̀ ń gùn àbí ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú àtifi iná ṣe é. Ilé iṣẹ́ Bendix ló ṣe é, Chrysler fi sínú mọ́tò díẹ̀ lọ́dún 1958, ṣùgbọ́n ohun èlò iná ayé ìgbà yẹn ò lè gbé iṣẹ́ náà, kábúrétọ̀ ni wọ́n padà fi sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bosch ti Jámánì ló wá mú un dúró, D-Jetronic ni wọ́n pè é, Volkswagen 1600 tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà ló sì gbé e jáde lọ́dún 1967. Nígbà tó di 1979, Bosch yìí náà kó títu epo àti iná púlọ́ọ̀gì pọ̀ sábẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, Motronic lorúkọ ẹ̀, inú BMW 732i ló kọ́kọ́ wà. Ọ̀nà yẹn náà ni bíréènì tó wà nínú mọ́tò yín lónìí ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé epo

Corolla 2003 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8 lítà, sílíńdà mẹ́rin, torí kò sí àdúgbò tí ò sí.

Inú táńkì gangan ni pọ́ǹpù wà, tẹ́ ẹ bá ká ìjókòó ẹ̀yìn ẹ máa rí ìdérí ẹ̀. Ó ní asẹ́ rírọ̀ kan lẹ́sẹ̀ tó dà bí àpò kékeré, ibẹ̀ ni epo ń gbà wọlé, lẹ́yìn ẹ̀ fílítà, lẹ́yìn fílítà ohun tó ń ṣọ́ agbára epo kó má pọ̀ jù kó má sì kéré jù. Agbára tí Corolla yìí ń fẹ́ jẹ́ 44 sí 50 psi. Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe tó, táyà mọ́tò kékeré kì í sábà ju 30 sí 35 lọ, torí náà epo tó wà nínú páìpù yẹn le ju afẹ́fẹ́ inú táyà yín lọ dáadáa. Epo yìí kan náà ló ń mú kára pọ́ǹpù tutù. Ẹni tó bá ń fi iná epo pupa rìn láti Mọńdè dé Fúráìdè, gbígbóná ló ń pa pọ́ǹpù ẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, asẹ́ náà á sì máa fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táńkì. Mo ti yọ pọ́ǹpù tí asẹ́ ẹ̀ dúdú kirikiri bí àkísà tí wọ́n fi nu ìdí ìkòkò. Mi ò tíì sọ ti epo tí ò dáa, ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022 tí epo tí methanol pọ̀ nínú ẹ̀ wọ ìlú, a fojú rí i ní wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù.

Látinú táńkì, epo á gba abẹ́ mọ́tò lọ síwájú, á wọ inú páìpù kan tó dùbúlẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní reèlì, ibẹ̀ ni nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń mu, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Nọ́sù ò ju géètì kékeré lọ. Wáyà tí wọ́n lọ́ yíká wà nínú ẹ̀, tí iná bá wọlé wáyà á di mágínẹ́ẹ̀tì, á fa abẹ́rẹ́ kan sókè, epo á tú jáde bí ìkùukùu sẹ́nu ọ̀nà sílíńdà, tí iná bá kúrò sípírìn-ìn á ti abẹ́rẹ́ padà, ó parí. Iye epo tó tú dúró lórí bí géètì ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí, torí agbára epo ò yí padà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń sínmi lórí 700 RPM, ìyẹn ni pé ó ń yí nígbà 700 láàárín ìṣẹ́jú kan, nọ́sù kọ̀ọ̀kan ń ṣí bíi ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́rótù dé 3,000 á di ìgbà 25. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá ṣí nígbà ìsinmi, kì í sábà ju ìdá 2 sí 4 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ẹ ò lè ṣẹ́jú kíákíá tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Ta ló ń sọ fún nọ́sù pé kó ṣí?

Bíréènì ni. Ṣùgbọ́n bíréènì ò lójú, kò nímú, inú páálí irin ló wà, ohun tí àwọn sẹ́ńsọ̀, ìyẹn àwọn ohun kékeré tó ń bá a ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, bá rò fún un nìkan ló gbọ́. Tí sẹ́ńsọ̀ bá purọ́, bíréènì á ṣiṣẹ́ lórí irọ́ yẹn tọkàntọkàn.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ṣe pàtàkì rèé. Epo pẹtiróòlù máa ń jó dáadáa tí afẹ́fẹ́ bá wúwo tó epo nígbà 14.7. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ní ti ilé. Lítà epo kan wúwo tó bíi kílò 0.74, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 14.7, ó súnmọ́ kílò 11 afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ kílò 11 yẹn máa kún táńkì omi dúdú oní-1,000 lítà bíi mẹ́sàn-án! Lítà epo kan ṣoṣo o. Ẹ wá rí i pé ihò kékeré lára rọ́bà afẹ́fẹ́ lè da ìṣirò gbogbo rú.

Airflow ló ń wọn afẹ́fẹ́ yìí, ẹ máa rí i lára páálí fílítà afẹ́fẹ́. Wáyà tín-ínrín kan wà nínú ẹ̀ tí iná ń mú gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá á máa mú un tutù, bí ìgbà téèyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná, bíréènì á wá wo iye iná tó gbà láti dá ooru wáyà padà, ibẹ̀ ló ti mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé. Mọ́tò míì ò ní airflow, sẹ́ńsọ̀ MAP ni wọ́n ń lò, ìfàmọ́ra inú manifold, páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà, nìyẹn ń wò, iṣẹ́ kan náà ni.

Crank sensor ń ka eyín irin tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kí bíréènì lè mọ ibi tí písítìn wà, tó bá kú, ẹ máa yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì á fi sùn, kò ní sítáàtì. Cam sensor ń sọ sílíńdà tó kàn. Èyí tó wà lára tọ́rótù ń sọ bí ẹsẹ̀ yín ṣe wúwo tó, tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá lórí ìgẹ̀rẹ̀, bíréènì á ti nọ́sù pa fúngbà díẹ̀, epo ò ní jó rárá. Torí náà àwọn tó ń fi mọ́tò sí neutral láti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pé àwọn ń ṣọ́ epo, epo ni wọ́n ń jó, wọ́n tún sọ ìdá kan nínú agbára ìdádúró mọ́tò nù.

Ti sẹ́ńsọ̀ omi gbígbóná ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ó ń bà mí nínú jẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, epo kì í yára di ooru, á máa lẹ̀ mọ́ ara ògiri, bíréènì á wá fi kún un títí omi á fi gbóná. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á yọ thermostat, ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, sọnù, wọ́n á ní ìlú wa gbóná, kò wúlò. Omi á wá máa sáré kiri inú ẹ́ńjìnnì láìdúró, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, pàápàá lójú ọ̀nà márosẹ̀, bíréènì á máa rò pé àárọ̀ ló ṣì jẹ́, á máa da epo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá thermostat padà sáàyè ẹ̀. Kò wọ́n tó epo tẹ́ ẹ̀ ń sun.

Èyí tó kẹ́yìn, oxygen sensor, ara páìpù tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì ló wà. Òun ló ń tọ́ èéfín wò pé ṣé epo pọ̀ àbí afẹ́fẹ́ pọ̀. Irú ti àtijọ́ máa ń lọ sókè sódò láàárín 0.1 volt àti 0.9 volt, ó gbọ́dọ̀ gbóná kó tó sọ̀rọ̀. Bíréènì á gbọ́ tiẹ̀, á fi epo kún un tàbí kó yọ níbẹ̀. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó fi kún un tàbí tó yọ yẹn ni wọ́n ń pè ní fuel trim, ẹ há a sórí, òun la máa lò báyìí.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tọpasẹ̀ ohun tó ń ṣe mọ́tò yín

Ẹ kọ́kọ́ ra sikáánà kékeré, ohun tó ń ka ọ̀rọ̀ tí bíréènì ń sọ. Gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n tà l'Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú OBD-II, ibi tí wọ́n ń ki sikáánà bọ̀, oníhò 16, ẹ máa rí i lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ síárìn. Èyí tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀ náà tó. Tí iná check engine bá tàn, ẹ ka kóòdù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ sórí pépà kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́. Kóòdù ò sọ pé ẹ pààrọ̀ pááàtì kankan, ohun tí bíréènì rí ló ń sọ. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo, P0172 pé epo ló pọ̀, P0301 títí dé P0304 ń sọ sílíńdà tó ń mísì, ìyẹn èyí tí epo ò jó dáadáa nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti mọ́tò kan. Oníbàárà gbé e wá, P0171, wọ́n ti ṣe é níbòmíì kó tó dọ́dọ̀ mi, wọ́n ti fọ nọ́sù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù, wọ́n ti ní ó kan bíréènì. Màmá àgbàlagbà kan ló ni ín, owó tí wọ́n ti ná pọ̀. Mo fi sikáánà sí i, fuel trim wà lórí +25 nígbà tó ń sínmi, mo tẹ tọ́rótù dé 2,500, ó wálẹ̀ sí +6. Mo ti mọ̀ nígbà yẹn. Mo pa mọ́tò, mo di rọ́bà ńlá tó lọ láti airflow dé tọ́rótù mú lọ́wọ́ méjèèjì, èyí tó ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po yẹn, lójú òkè ó ń dán, kò sí nǹkan kan. Mo wá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìsàlẹ̀ ìṣẹ́po kejì là bí ẹnu, ó gùn tó igi ìṣáná kan, etí ẹ̀ ti gbẹ ó ti funfun. Mo jọ̀wọ́ ẹ̀, ó padé, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ya. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé, airflow ò rí i, bíréènì ò mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni epo ṣe ń kéré. Rọ́bà la pààrọ̀, ó tán.

Ọgbọ́n tó wà nínú fuel trim nìyẹn. Tó bá wà láàárín −10 àti +10, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá ga nígbà ìsinmi tó sì ń wálẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́rótù, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan. Tó bá dáa nígbà ìsinmi tó wá ń ga lórí eré, epo ni ò tó, ẹ wo pọ́ǹpù àti fílítà, tàbí kí airflow ti dọ̀tí tó ń ka afẹ́fẹ́ kù. Ẹ wo ìwọ̀n omi gbígbóná náà lórí sikáánà yẹn, 80 sí 95 lórí ìwọ̀n Celsius ló yẹ kó wà lẹ́yìn tó bá ti rìn díẹ̀. Tó bá kọ −40, wáyà sẹ́ńsọ̀ ti já, torí kò síbi tó tutù tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá.

Láti wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, ẹ fojú àti ọwọ́ yẹ gbogbo rọ́bà wò, títí kan àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí búréèkì. Tẹ́ ò bá rí nǹkan kan, ẹ fi omi sínú ìgò tó ń fín, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ fín díẹ̀ díẹ̀ sí ìdí manifold, ibi tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà, ẹ ti rí i. Ẹ má fín in sí coil, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná o, ẹ má sì lo epo bíi ti àwọn kan, mọ́tò ti jóná lójú mi.

Fífọ airflow rọrùn, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ pa mọ́tò, ẹ tú u, ẹ fi ìfọ́ airflow fín wáyà ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Tí fílítà afẹ́fẹ́ bá jẹ́ ayédèrú, erùpẹ̀ á tún padà débẹ̀ láìpẹ́.

Tó bá jẹ́ epo ni ò tó, kí wọ́n fi géèjì wọ̀n ọ́n lójú yín kẹ́ ẹ tó gbà láti ra pọ́ǹpù. Kí ẹnikẹ́ni tó tú páìpù epo, ẹ yọ fíúsì tàbí rílè pọ́ǹpù, ẹ sítáàtì mọ́tò títí á fi kú fúnra ẹ̀, ẹ tú orí dúdú bátìrì, kí sìgá àti jẹnẹrétọ̀ jìnnà síbẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n tẹ́ ẹ sì pa mọ́tò, ó yẹ kí abẹ́rẹ́ géèjì ṣì dúró fúngbà díẹ̀, tó bá já wálẹ̀ wọ̀ọ̀, epo ń jò padà sínú táńkì tàbí nọ́sù kan ò pa ẹnu dé.

Nọ́sù fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbé etí sí ẹ̀yìn sikurúdíráfà gígùn, ẹ fi ẹnu ẹ̀ kan nọ́sù kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tak-tak-tak ló yẹ kẹ́ ẹ gbọ́. Èyí tó dákẹ́, ẹ yọ sókẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, 12 sí 16 ohm ló yẹ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré. Tó bá jẹ́ P0302 lẹ rí, ẹ kọ́kọ́ fi coil sílíńdà kejì rọ́pò ti ìkẹta, ẹ wa mọ́tò, tí kóòdù bá di P0303, coil ni. Tí ò bá yí padà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún púlọ́ọ̀gì, nọ́sù ló máa gbẹ̀yìn torí òun ló le jù láti yọ. Kò ná yín ní kọ́bọ̀ kan.

Bíréènì ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbà pé ó kú, ẹ jẹ́ kí riwáyà wọn iná tó ń wọ inú ẹ̀ àti wáyà ilẹ̀ ẹ̀. Wáyà ilẹ̀ kan tó ti dípẹtà lára bọ́dì lè mú kí sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta máa purọ́ papọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wa mọ́tò náà fún bíi ọjọ́ mẹ́ta, nínú góòsílóò àti lójú ọ̀nà tó já gaara, kí bíréènì lè tún ẹ̀kọ́ ẹ̀ kọ́, kẹ́ ẹ wá padà wo fuel trim. Ti màmá yẹn, +3 la bá a lọ́jọ́ kẹta.